Ìgbà Tí Fóònù Ilé Ìgbẹ̀bí Ń Gan

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà. Àkúrẹ́

Mátíróònù Dúrótoyè pè mí láti Oǹdó kí n tó bọ́jú. "Ẹnjiníà, ó tún ti gan." Kò kí mi. Obìnrin tó máa ń béèrè àlàáfíà gbogbo ará ilé kó tó sọ ohun tó ń bẹ lọ́kàn rẹ̀, kò kí mi. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀rín.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ní Arakale, mo wọ mọ́tò. Òjò bá wa lójú ọ̀nà, ó sì jò sí mi lọ́rùn títí a fi dé. Kọ̀ǹpútà tó ń gba ìpè fóònù àwọn aláboyún jókòó sí kọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé ìgbẹ̀bí, iná rẹ̀ ń tàn, fáànù rẹ̀ ń yí, bẹ́ẹ̀ ni mo tẹ kíbọ́ọ̀dù títí, kò dá mi lóhùn. Mo yọ wáyà iná rẹ̀, mo tún tì í bọ inú rẹ̀. Ó jí.

Mátíróònù ní, "Ṣé gbogbo ohun tí o wá ṣe náà nìyẹn? Èmi náà lè yọ wáyà." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò dùn.

Ọjọ́rú, 5

Ó tún gan. Ọjọ́ ọjà ni ní abúlé oko Bọ́lọ́rundúró.

Ọjọ́bọ̀, 6. Oǹdó

Ìgbìmọ̀ ilé ìgbẹ̀bí ránṣẹ́ pè mí. Bàbá Akínsànyà ni alága, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí ohùn rẹ̀ ò sì tíì fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí a ò kàn fi fóònù kékeré kan lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́?"

Mátíróònù ló dá a lóhùn. "Bàbá, a ti ṣe é rí. Fóònù bá nọ́ọ̀sì lọ sílé rẹ̀, ó kú sínú báàgì. Aláboyún pè títí ilẹ̀ fi mọ́."

Mo wá ṣàlàyé pé káàdì fóònù tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn gba síìmù mẹ́rin, kí obìnrin oko lè rí wa bá sọ̀rọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòówù kó máa lò. Ìpè á dún lórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Bí ọwọ́ nọ́ọ̀sì bá dí, á dún lọ́dọ̀ awakọ̀ àmbúláǹsì. Ìpè kankan kì í sọnù.

"Àfi tó bá gan," ni Bàbá wí.

Mo ní, "Kọ̀ǹpútà ò ní àrùn, sà. Dírẹ́bà ló ń dà á láàmú."

Ojú fèrèsé ni Táíyé wà, ẹni tó ń wa àmbúláǹsì. Ó yọ orí wọlé. "Èmi? Kí ni mo ṣe?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo ní dírẹ́bà ni à ń pe ètò kékeré tó ń darí káàdì nínú kọ̀ǹpútà, òun ló ń bá ọkàn ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Táíyé ò gbà. Ó ní kí wọ́n wá orúkọ mìíràn fún un, òun ní ọmọ tí ń jẹ́ orúkọ òun. Ìgbìmọ̀ ní bí kò bá tíì dára kí Oṣù Keje tó parí, wọn á yọ ọ́.

Mi ò sọ ti Goodness fún wọn. Àbúrò mi kan ṣoṣo ni, ó ń kọ́ni ní Bọ́lọ́rundúró, òun àti Kìtán ọkọ rẹ̀ tó ń dáko kòkó ló jọ ń gbé níbẹ̀. Oyún kẹta rèé. Ojú ọ̀nà oko ni méjì àkọ́kọ́ ti bọ́ lára rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wá ọkọ̀. Ìparí Oṣù Keje ni àsìkò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ yìí bá gan lọ́jọ́ náà, mo mọ ibi tí ọmọ yẹn máa kú sí. Mo mọ igi tó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo pààrọ̀ mẹ́mórì. Mo pààrọ̀ ibi tí iná ń gbà wọlé. Mo yọ káàdì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì nu ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà a pe ẹ̀rọ láti orí fóònù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, a sì wà lórí ìpè títí. Táíyé fi tirẹ̀ sọ gbogbo ìjà òun àti àna rẹ̀ fún mi, láti orí ìdáná dé orí ìkómọ. Ẹ̀rọ ò gan rárá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ó gan bí wọ́n ṣe ń kọrin ìwọlé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mátíróònù dárúkọ mi nígbà àdúrà ẹ̀bẹ̀, ó fi mí sí àárín àwọn aláìsàn àti àwọn arìnrìn-àjò. Ojú tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14. Oǹdó

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ẹ̀rọ yìí kì í kọ ohun tó pa á sílẹ̀. Á ti gan kó tó rí ààyè kọ ọ́. Mo wá so wáyà mọ́ ọn láti inú kọ̀ǹpútà àgbéká mi, kí tèmi lè máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ títí dé èyí tó kẹ́yìn.

Lọ́sàn-án yìí mo rí i gbà. "Ìpè wọlé." "Ìpè gé." Méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn láìsí àlàfo, lẹ́yìn náà ọkàn ẹ̀rọ há. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni! Ìpè ò ráyè jókòó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń gé e. Mo bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹni bú orogún.

Epo ti di ẹgbẹ̀rin náírà lítà kan níbí. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìgbẹ̀bí ń mu ju ọkọ Ìyá Bùrẹ́dì ẹnu géètì, ọ̀mùtí ọkùnrin yẹn, lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18. Bọ́lọ́rundúró

Mo gun ọ̀kadà wá wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra mi. Ẹrẹ̀ ta sí mi dé eyín. Orí òkìtì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dára, ibẹ̀ ni mo bá àwọn obìnrin, ikùn kálukú níwájú rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé ẹ máa ń pe nọ́ńbà ilé ìgbẹ̀bí?"

"À ń pè é o."

"Ṣé ó máa ń gé?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan tó ń jẹ́ Mary, tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì Goodness, ló dáhùn. "Ó máa ń gé."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló jẹ̀bi. Inú mi dùn sí ara mi.

Ẹsẹ̀ Goodness ti wú. Ó ní kò sí nǹkan. Ó gbé oúnjẹ síwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, uyán ni mo gún fún yín. Ẹ jẹun, ẹ̀rọ ò ní sá lọ." Mo jẹ ẹ́, ojú mi ò kúrò lára ẹsẹ̀ yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì. Èsì dé kí n tó mu omi tán: wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́, wọ́n kí mi pé ó dàárọ̀.

Mo yọ síìmù kan sínú fóònù tọ́ọ̀ṣì pé kí nọ́ọ̀sì máa fi dípò ẹ̀rọ ná. Nọ́ọ̀sì gbé e sórí fèrèsé, ó wọ yàrá ìbímọ lọ. Nígbà tó jáde, fóònù ti kún fún ìpè tí ẹnikẹ́ni ò gbé.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nínú ilé, àwa méjèèjì ò sì fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ bá ara wa lò. Mo ní bí ó bá jẹ́ èmi ni Ó fẹ́ fìyà jẹ, kí Ó mú mi, kí Ó fi ọmọ Goodness sílẹ̀. Mo sunkún. Lẹ́yìn náà ebi pa mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25. Oǹdó

Mo jókòó ti ẹ̀rọ láàárọ̀ yìí, ọwọ́ mi lórí kíbọ́ọ̀dù, tí fóònù mi dún lẹ́ẹ̀kan tó sì gé. Goodness ni. Mo gbé e láti pè é padà, bí mo ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tó ti ní fóònù. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ló ń pè padà. Kò sí àgbà tó ń bi àbúrò pé kí ló dé tó fi fíláàṣì.

Ọwọ́ mi dúró nínú afẹ́fẹ́.

Mo tẹ nọ́ńbà ilé ìgbẹ̀bí lórí fóònù tèmi. Mo jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, mo gé e.

Ẹ̀rọ gan.

Mo yọ wáyà, mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo fíláàṣì. Ó gan. Mo kígbe débi pé Táíyé sáré wọlé, ó rò pé iná gbé mi. Mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Mo bá Mátíróònù nídìí àwọn aláboyún. "Mà, báwo ni àwọn obìnrin oko ṣe ń pè wá?"

"Wọ́n ń fíláàṣì ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa fíláàṣì, kí àwa máa pè wọ́n padà. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rówó ra káàdì ìpè?"

"Ẹ ò sọ fún mi, mà!"

"O ò bi mí. O bi mí bóyá wọ́n ń pè. Wọ́n ń pè."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. "Ó máa ń gé," ni Mary wí, mi ò sì bi í pé ta ló ń gé e. Ọjọ́ ọjà ló ń gan jù nítorí ọjọ́ ọjà ni gbogbo wọn máa ń gun òkìtì yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo fi dán ẹ̀rọ wò, owó ilé ìgbẹ̀bí ló wà lórí fóònù, a sọ̀rọ̀ bí ọlọ́rọ̀.

Mo ti mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ báyìí. Bí ìpè bá wọlé, dírẹ́bà á ti ilẹ̀kùn kó lè gbálejò dáadáa. Bí àlejò bá yí padà kó tó jókòó, dírẹ́bà náà á sáré wá ti ilẹ̀kùn kan náà láti dágbére fún un, á bá a ní títì, á wá dúró kí ẹni tó tì í ṣí i. Òun fúnra rẹ̀ ló tì í. Á dúró síbẹ̀ títí ayé. Àwọn tó kọ ọ́ ò mọ̀ pé ẹ̀yà èèyàn kan wà láyé tó ń pe fóònù láìfẹ́ kí wọ́n gbé e.

Ọjọ́bọ̀, 27

Mo rí ọ̀nà tó yá. Mo ní kí wọ́n má fíláàṣì mọ́. Èmi ni mo kọ ìkéde náà, Mátíróònù ò fẹ́, ó ní kò dá òun lójú, ṣùgbọ́n Bàbá Akínsànyà fọwọ́ sí i. Wọ́n á kà á ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì oko lọ́jọ́ Àìkú: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fíláàṣì nọ́ńbà ilé ìgbẹ̀bí mọ́. Ẹ pè, kí ẹ dúró."

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Keje

Kò gan láti ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ ọjà kọjá, kò gan! Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. Bàbá ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ọmọ yìí lórí pípé. Táíyé ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo dírẹ́bà. Mo ra ẹja tútù lọ sílé, mo sùn bí òkúta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9. Oǹdó

Wọ́n gbé Mary wá lórí ọ̀kadà. Adébùsóyè ọkọ rẹ̀ ló wà á, ọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn tó dì í mú kó má baà jábọ́. Wọ́n ti wà lójú ọ̀nà tipẹ́. Mátíróònù ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè ṣe. Ìyá yè. Ọmọ ò yè.

Mo bi ọkọ rẹ̀ léèrè ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹnu mi ti di kí n tó bi í. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè wá?"

Ó ní, "Kò sí owó lórí fóònù. Wọ́n sì ní ká má fíláàṣì mọ́. Wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Kò bínú. Bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu ló ṣe sọ ọ́. Ìbá ṣe pé ó gbá mi létí, ì bá rọrùn fún mi.

Nínú yàrá kejì, ẹ̀rọ mi ń tàn, ara rẹ̀ le. Mátíróònù ṣí ìwé ìpè. Láti ìgbà ìkéde, kò sí ẹnìkan láti oko tó pè wá. Ẹ̀rọ ò gan nítorí kò sẹ́ni tó kàn án lára. A sì pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́rú, 10

Goodness ti gbọ́. Kò fíláàṣì. Ó fi owó oúnjẹ ra káàdì, ó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kọ ìkéde yẹn?"

"Èmi ni."

Ó ní, "Ìgbà wo ni mo ti pè yín rí láìfíláàṣì? Olùkọ́ ni mí o. Mo ń gbowó oṣù. Báwo ni ti Mary ṣe máa jẹ́?"

Ó ní òun ò bá mi jà. Ó ní ọmọ ń tàpá gan-an, kí n má gbàgbé láti jẹun. Lẹ́yìn náà owó rẹ̀ tán, mo sì bẹ̀rù láti pè é padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 12. Ìlárá-Mọ̀kín

Bàbá Akínsànyà ní kí n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó ti dára. Mo ní, "Sà, kò dára. Ó dákẹ́ ni." Mo yọ káàdì, mo gbé e sínú báàgì lójú rẹ̀. Ó ní bí mi ò bá dá a padà kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí n má dá a padà mọ́. Títí dìgbà náà, Mátíróònù so fóònù tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọrùn ara rẹ̀ pẹ̀lú okùn, ó ń bá a wọ yàrá ìbímọ.

Ọ̀dọ̀ Jesse ni mo gbé e wá. Ó ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà ní yunifásítì níbí, iná wọn kì í sì í lọ púpọ̀. Òun ló bá mi ṣí àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ tí wọ́n fi kọ dírẹ́bà náà, àwọn tó kọ ọ́ fi í sílẹ̀ ní gbangba kí wọ́n tó pa á tì. Ó kà á, ó mi orí. "Sìstá, ta ló gún iyán yìí tó kún fún kókó?"

Ọjọ́ Àìkú, 14

A ki káàdì bọ inú kọ̀ǹpútà Jesse, a tún dírẹ́bà ṣe. Ó burú sí i. Kò tiẹ̀ jí mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 15

Òjò. Iná lọ. Orí mi ń fọ́. Mo lálàá pé Goodness ń fíláàṣì mi, ọwọ́ mi ò tó fóònù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Mo rí i!

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Mo ní kí dírẹ́bà kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ òun ló ti ilẹ̀kùn, kó tọ́jú nọ́ńbà àlejò tó ń lọ, kó parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó ṣílẹ̀kùn, kó wá dágbére fún un lẹ́yìn náà. Kó má dúró de ara rẹ̀.

Èmi àti Jesse fíláàṣì ẹ̀rọ náà títí ìka mi fi ń dùn mí. A fíláàṣì gbogbo síìmù inú rẹ̀ pọ̀. Kò gan. Jesse jó. Èmi ò lè jó, ojú Adébùsóyè ni mo ń rí.

Ọjọ́bọ̀, 18. Oǹdó

Káàdì ti padà sáyè rẹ̀. Mátíróònù fíláàṣì ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, nọ́ńbà rẹ̀ yọ lórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Ó wo nọ́ńbà náà pẹ́. Ó ní, "Ìkéde mìíràn ńkọ́?"

Mo kọ ọ́. "A bẹ̀ yín, ẹ máa fíláàṣì. A ó pè yín padà."

Ọjọ́ Àìkú, 21

Wọ́n kà á. Ẹnikẹ́ni ò fíláàṣì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23

Ọjọ́ ọjà. Ẹ̀rọ dákẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Wọn ò gbà wá gbọ́ mọ́, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo bú ara mi nítorí Goodness. Mo ní kó jẹ́ ká gbé e wá sí Oǹdó, ó ní òun ò ní fi ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì òun sílẹ̀. Orí kunkun yìí, ilé wa ló ti gbé e.

Ọjọ́rú, 24

Ọ̀sán ni, òjò ń rọ̀ lórí páànù débi tí a ò fi gbọ́ ara wa. Ìró náà wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó gé.

Gbogbo wa dúró. Mo wo iná káàdì. Ó ṣẹ́jú, ó sì ń ṣẹ́jú lọ. Nọ́ńbà yọ. Kìtán ni.

Nọ́ọ̀sì pè é padà. Mo gbọ́ igbe ọkùnrin yẹn láti ibi tí mo dúró sí: "Omi ti dà! Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀!" Mátíróònù ti wọ bàtà òjò kó tó sọ̀rọ̀ tán. Táíyé ti tan ọkọ̀. Wọn ò gbà mí láàyè láti bá wọn lọ, wọ́n ní kò sí ibi tí màá jókòó sí tí ìyá àti ọmọ bá ń bọ̀. Ìyá àti ọmọ ni Mátíróònù wí. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú.

Mi ò mọ ohun tí mo ṣe títí wọ́n fi dé. Nọ́ọ̀sì ní mo ń gbálẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ yọ, ẹrẹ̀ ti bo gíláàsì rẹ̀. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti bí ọmọ náà, lẹ́yìn tí wọ́n kọjá igi tí mo mọ̀ yẹn, lọ́wọ́ Mátíróònù. Obìnrin ni. Ó ké nígbà tí afẹ́fẹ́ kàn án, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi.

Táíyé bọ́ sílẹ̀, ẹrẹ̀ dé etí rẹ̀. "Ẹnjiníà, ẹ wò ó dáadáa. Dírẹ́bà ò jẹ̀bi."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27

Goodness ń jẹun, ọmọ ń mu ọmú, Kìtán ti lọ wo kòkó rẹ̀. Mo ń di ẹrù mi láti padà sí Àkúrẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ dún lẹ́ẹ̀kan tó sì gé. Nọ́ọ̀sì wà nínú yàrá ìbímọ, èmi ni mo pè padà.

"Ilé ìgbẹ̀bí rèé, mà. Ṣé ẹ ti ń rọbí ni?"

Mo gbọ́ ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ariwo ọjà.

"Mary ni," ó wí. "Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Mo kàn ní kí n wò ó, bóyá ẹ máa pè padà."

Mo ní, "A ti pè padà, mà."

"Mo ti gbọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó sì gé e.

Ẹ̀rọ ò gan. Èmi ni mo gan.